Bí Ìdọ̀tí Ilé Ìdáná Ṣe Ń Di Gáàsì: Àlàyé fún Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Náà Rú Lójú

Gbogbo ìgbà tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ kan bá kéde pé òun fẹ́ sọ ìdọ̀tí di iná, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn: báwo ni pàǹtírí ṣe fẹ́ tan gílóòbù? Àwọn kan rò pé wọ́n fẹ́ dáná sun ún ni. Àwọn mìíràn gbọ́ pé gáàsì ló ń jáde, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá a lè rọ ọ́ sínú sílíńdà. Ẹni tó ní àgbàlá kékeré náà ń béèrè bóyá òun lè ṣe é nílé. Ká tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó yẹ ká ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀, torí orúkọ kan ṣoṣo ni ìròyìn máa ń fi pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkíní ni sísun. Wọ́n á kó ìdọ̀tí sínú iléru ńlá, ooru rẹ̀ á mú omi hó, oruku omi náà á sì máa yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná. Ìdọ̀tí gbígbẹ ló dára fún un, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa jẹ́ àjẹkù oúnjẹ àti èèpo tó kún fún omi. Èkejì ni gáàsì inú ààtàn. Oúnjẹ tí ìdọ̀tí mìíràn bò mọ́lẹ̀ máa ń jẹrà láìrí atẹ́gùn, gáàsì á sì máa jáde fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n lè ri páìpù mọ́ ààtàn kí wọ́n fà á jáde. Bí wọn kò bá fà á, ó wà lára ohun tó ń mú kí iná ààtàn ṣòro pa. Ẹni tó bá rántí iná tó jó ní Olúṣósùn lÉkòó ní oṣù Kẹta ọdún 2018 mọ bí èéfín irú ibẹ̀ ṣe máa ń rí.

Ẹ̀kẹta la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ká dìídì kó ohun tó ń jẹrà sínú tánkì tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, ká jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí jẹ ẹ́, ká sì gba gáàsì tí wọ́n ń tú síta. Èyí ni wọ́n ń ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá pe bayotẹknọ́lọ́jì mọ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ohun alààyè là ń gbà síṣẹ́.

Kí ló wà nínú gáàsì náà?

Báyógáàsì ni wọ́n ń pè é. Gáàsì méjì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Methane ni èyí tó ń jó, ó sì máa ń tó ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Carbon dioxide ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, òun kì í jó rárá. Oruku omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti hydrogen sulphide díẹ̀, èyí tó máa ń rùn bí ẹyin òbu.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1776, Alessandro Volta, ará Ítálì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwọ̀n iná mànàmáná, gba gáàsì yìí láti inú ẹrẹ̀ Adágún Maggiore, ó sì rí i pé ó ń jó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú tánkì.

Àwọn wo ló ń ṣiṣẹ́ nínú tánkì?

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni àwọn kòkòrò àìfojúrí náà, ọwọ́ kan ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òmíràn. Ẹgbẹ́ kìíní á gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́: ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹran àti ọ̀rá á di ṣúgà àti àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn. Ẹgbẹ́ kejì á sọ ìwọ̀nyí di omi kíkan. Ẹgbẹ́ kẹta á tún omi kíkan náà ṣe sí irú tó wà nínú fínígà. Ẹgbẹ́ kẹrin ló wá ń jẹ ẹ́, òun ló ń tú methane síta.

Ẹ wo àgbàdo tí wọ́n rẹ fún ògì. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ó ti kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà kankan. Bí ẹgbẹ́ kejì ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n yára, wọ́n ń bí sí i láàárín wákàtí díẹ̀, ibi gbogbo ni wọ́n wà. Tó bá ṣe àwọn nìkan ló wà nínú tánkì, omi kíkan la máa rí, a ò ní rí iná. Àmọ́ ẹgbẹ́ kẹrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì. Ọ́síjìn kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, ó lè pa wọ́n. Omi kíkan tó bá pọ̀ jù ń pa wọ́n lára, bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ àti omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun (bleach). Inú màlúù àti inú ẹrẹ̀ ni ilé wọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbẹ́ màlúù la fi ń bẹ̀rẹ̀ tánkì.

Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ohun tó ṣe pàtàkì jù. Bí tánkì kan bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tó ń bọ́ ọ kò jẹ́ kí àwọn tó ń yára kọjá agbára àwọn tó ń rọra ṣe. Bí òmíràn bá sì kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ojú ọjọ́ wa ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Ìwọ̀n Celsius 30 sí 38 ni ara wọn máa ń dá jù. Ní Jámánì, wọ́n ní láti máa mú tánkì gbóná lójoojúmọ́. Níbí, oòrùn ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, àfi ìgbà ọyẹ́ tí òru bá tutù, tí gáàsì á dín kù díẹ̀.

Irú ìdọ̀tí wo ló ń mú gáàsì wá?

Ohun tó ń jẹrà kíákíá ni: àjẹkù ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì àti ẹ̀wà, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èso tó ti rà, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, ìfun ẹja àti ti adìẹ, omi tí wọ́n fi rẹ gbágùúdá. Ike, ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù), ìgò, agolo àti bátìrì kò ní nǹkan kan tí wọ́n lè fún wa. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe òótọ́ nígbà tí ẹnì kan bá ní gbogbo ìdọ̀tí ìlú ló máa di gáàsì. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilé ìdáná gan-an ló sì ti yẹ ká yà wọ́n, kí wọ́n tó pàdé nínú garawa kan náà, torí yíya oúnjẹ kúrò lára ọ̀rá lẹ́yìn tí wọ́n ti dà pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é.

Àwọn kan wà láàárín. Egungun, èèpo ẹyin àti igbá àgbọn kì í jẹrà níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń rì sí ìsàlẹ̀ tí wọ́n á sì gba àyè. Igi àti kùkùté àgbàdo le jù fún àwọn kòkòrò náà. Èèpo ọsàn ní òróró kan tó ń pa wọ́n, nítorí náà kó má ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ lójúmọ́. Òróró ìdáná díẹ̀ ń mú gáàsì pọ̀, tó bá pọ̀ jù á léfòó, á sì dì bí èèpo lójú omi. Ìgbẹ́ adìẹ dára, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, torí náítírójìn inú rẹ̀ ń di ammonia tó máa ń ta wọ́n lára. Èèpo gbágùúdá tútù ní oró nínú, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ sì fi ìwọ̀nba sí i.

Mélòó ni a máa rí?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìpolówó ti máa ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Kílò kan àjẹkù oúnjẹ tútù lè mú nǹkan bí 100 lítà gáàsì wá. Ìgbẹ́ màlúù kò tó ìdajì ìyẹn, torí màlúù ti jẹ èyí tó dára jù nínú rẹ̀ kó tó yà á. Ojú sítóòfù kékeré kan máa ń jẹ nǹkan bí 300 lítà ní wákàtí kan. Bí ìdílé kan bá ń rí kílò 2 lójúmọ́, 200 lítà nìyẹn, ìyẹn iná ogójì ìṣẹ́jú. Ó tó se ìrẹsì, kò tó se ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ ká fi wé gáàsì tí à ń rà. Lítà 1,000 báyógáàsì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìlàjì kílò gáàsì sílíńdà, kódà ó dín díẹ̀. Ìdílé oníkílò 2 yẹn á máa fi nǹkan bíi kílò méjì àbọ̀ gáàsì pamọ́ lóṣù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bùkà tó ń da kílò 20 nù lójúmọ́: lítà 2,000 ni tirẹ̀, láàárín oṣù kan ó ti ju sílíńdà oníkílò 12.5 méjì lọ. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àwọn onóúnjẹ, ilé ẹ̀kọ́ tó ní ilé ìjẹun àti ọjà ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é. Ìdílé kan ṣoṣo tó bá fẹ́ ṣe é ní láti gba èèpo lọ́wọ́ aládùúgbò tàbí oníṣu tó wà ní ìkóríta.

Tánkì méjì, ọ̀kan nínú èkejì

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà kọ́ ọ. Ní Ṣáínà, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń mọ ọ́n sí bí ìkòkò ńlá, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìdílé ló sì ti lò ó. Èyí tó rọrùn jù fún àgbàlá kékeré ni irú tí àjọ ARTI, tí Anand Karve dá sílẹ̀ ní ìlú Pune ní Íńdíà, gbé jáde. Àjẹkù oúnjẹ ni wọ́n ṣe é fún, ó sì gba ẹ̀bùn Ashden ní 2006. Tánkì omi oníke méjì tí wọ́n ń tà lọ́jà ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ gé orí tánkì 1,000 lítà kúrò. Ẹ gé orí ti 750 lítà náà, kí ẹ wá dojú rẹ̀ bolẹ̀ sínú ti ńlá. Tánkì ńlá ló ń gba oúnjẹ àti omi. Ti kékeré ló ń gba gáàsì, ó máa ń gòkè bí gáàsì bá ṣe ń pọ̀, á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń dáná. Ìyẹn nìkan ti tó láti mọ iye tó kù. Kí àlàfo tó wà láàárín wọn má fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, torí ibẹ̀ ni gáàsì ti ń sá. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo àlàfo náà kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Páìpù tí oúnjẹ ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ínṣì 3 tàbí 4, kó sì débi ìsàlẹ̀ tánkì, kí ẹnu rẹ̀ lókè ga ju ojú omi lọ. Páìpù àbájáde máa wà nítòsí ẹnu tánkì ńlá, ní òdìkejì. Iye omi tí ẹ bá dà sí ẹnu ti àkọ́kọ́ ló máa jáde ní ìkejì. Lórí tánkì kékeré, ẹ so páìpù onílàjì ínṣì tó ní ibi tí wọ́n ti ń tì í. Búlọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ tò dọ́gba lé e lórí ló máa fún gáàsì ní agbára dé ìdí sítóòfù. Tí ẹ bá tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tánkì á fì, gáàsì á sì sá.

Ibi tí oòrùn ń pa ni kó wà, níta gbangba, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tí wọ́n ti da kọnkéré sí, kó sì jìnnà sí kànga tó mítà 15. Ọ́ọ̀sì tó lọ sí ilé ìdáná á máa dá omi dúró sínú, nítorí náà ẹ fi ibi kan sílẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù, kí ẹ so ìgò mọ́ ọn tí omi á máa kán sí. Nínú páìpù kan lójú ọ̀nà, ẹ ki sáńpọ́ onírin tí a fi ń fọ ìkòkò, èyí tó ti ń dípẹtà. Ìpẹtà yẹn ló ń mú hydrogen sulphide, gáàsì olóòórùn òbu tó ń jẹ irin, tó sì léwu fún ẹni tó bá fà á sínú púpọ̀.

Ojú sítóòfù tí à ń lò fún gáàsì sílíńdà kò ní gbé e, torí ihò rẹ̀ kéré jù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fẹ ihò náà sí mìlímítà 2 tàbí díẹ̀ sí i.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá ìgbẹ́ màlúù tútù, kílò 150 sí 200, láti káràá tàbí odò ẹran. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún àwọn màlúù náà ní abẹ́rẹ́. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn nínú màlúù lè ṣẹ́kù sínú ìgbẹ́ kó sì pa àwọn tí a nílò. Ẹ ṣa òkúta àti koríko kúrò, ẹ po ó pọ̀ mọ́ omi dọ́gbadọ́gba, ẹ sẹ́ ẹ sínú tánkì, kí ẹ wá fi omi kún un dé ibi páìpù àbájáde. Omi òjò tàbí ti kànga ló dára jù. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kẹ́míkà sí, ẹ ṣí i sílẹ̀ sun mọ́jú kí kẹ́míkà náà lè fò lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin láìfi oúnjẹ kankan sí i. Gáàsì àkọ́kọ́ tó máa gbé tánkì kékeré sókè kò wúlò: atẹ́gùn àti carbon dioxide ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tú u dànù síta, ẹ má ṣáná sí i. Methane tó bá jẹ́ ìdá 5 sí 15 nínú atẹ́gùn máa ń bú gbàmù. Nígbà tó bá kún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dán an wò lórí sítóòfù, kì í ṣe lẹ́nu páìpù tánkì. Aró ni àwọ̀ iná rẹ̀, ó sì lè má hàn lọ́sàn-án gangan, nítorí náà ẹ má gbọ́wọ́ sí i láti mọ̀ bóyá ó ti tàn.

Tó bá ti ń jó, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì kílò lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kílò kan ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí á fi dé kílò 4 tàbí 5, níbẹ̀ ni kó dúró. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ gún un, ẹ fi omi tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà tàbí ìlọ́po méjì pò ó. Ẹ lè lo omi tó ń jáde láti fi po tuntun, kí omi má baà ṣòfò.

Kí ló dé tó fi ń bàjẹ́?

Ìtàn kan ló pọ̀ jù. Ayẹyẹ wà ní òpin ọ̀sẹ̀, kílò 20 ìrẹsì àti ọbẹ̀ ṣẹ́kù, ẹnì kan sì rò pé gáàsì á pọ̀ tí òun bá dà gbogbo rẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, tánkì kékeré ga lóòótọ́. Carbon dioxide ni. Iná kò tàn, tàbí ó tàn ó kú. Ní ọjọ́ kẹta, omi àbájáde ti ń ta ní imú. Ẹgbẹ́ kejì ti sọ ìrẹsì di omi kíkan kí ẹgbẹ́ kẹrin tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ fi pépà tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wò ó. Ó yẹ kí pH wà láàárín 6.8 sí 7.5; bó bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni omi ń kan sí i. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju 6.5 lọ, ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró pátápátá fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ fi omi eérú tó ti tòrò tàbí bèkìń sódà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wọn pH lójoojúmọ́, títí á fi padà sókè. Garawa ìgbẹ́ màlúù tuntun kan tàbí méjì á tún ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí iná bá tún ń jó aró, ẹ padà sí ìlàjì kílò.

Tí gáàsì bá kàn dín kù láìsí òórùn kíkan, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò: ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù, ibi tó bá ń hó ló ń jò. Tí iná bá ń ṣẹ́jú, omi ti dúró nínú ọ́ọ̀sì. Tí omi kò bá jáde bí ẹ ṣe ń da oúnjẹ sí i, nǹkan kan ti dí páìpù, àwọn tó sábà ń fà á ni egungun àti ewé tí wọn kò gé.

Ṣé a lè rọ ọ́ sínú sílíńdà? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Rárá sí ti sílíńdà. Gáàsì tí à ń rà máa ń di omi bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ló fi ń gba inú sílíńdà kékeré. Methane kì í di omi bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó, àfi tó bá tutù ju òdì 82 Celsius lọ. Kó tó lè pọ̀ nínú sílíńdà, wọ́n ní láti fún un pọ̀ pẹ̀lú agbára tó pọ̀ fíìfíì ju èyí tí sílíńdà ilé ìdáná lè gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ táyà gbìyànjú rẹ̀ nílé ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Jẹnẹrétọ̀ ṣeé ṣe, pẹ̀lú àtúnṣe sí ibi tó ń gba epo. Àmọ́ lítà 1,000 kò lè fún jẹnẹrétọ̀ kékeré ní ju nǹkan bíi kilowatt-wákàtí kan àbọ̀ (ìyẹn yúnìtì iná kan àbọ̀ lórí mítà) lọ. Tánkì tí a ṣàlàyé yìí kò lè gbé fíríìjì. Ìdáná ló dára fún. Iná mànàmáná yẹ ibi tí ìdọ̀tí ti ń wọlé ní tọ́ọ̀nù: iṣẹ́ àkànṣe Cows to Kilowatts, tí wọ́n ṣètò fún omi ìdọ̀tí odò ẹran Bódìjà ní Ìbàdàn, gba ẹ̀bùn SEED ní 2005. Ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, Songhai Centre, tí Bàbá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ti so báyógáàsì mọ́ oko, ẹran ọ̀sìn àti ilé ìdáná papọ̀.

Omi tó ń jáde ńkọ́?

Ajílẹ̀ ni, ó sì níye lórí tó gáàsì fúnra rẹ̀. Methane kó carbon lọ, ṣùgbọ́n náítírójìn, phosphorus àti potassium inú oúnjẹ wà níbẹ̀ sí i, ní irú èyí tí gbòǹgbò lè tètè gbà. Ẹ fi omi là á, ìdá kan sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ bù ú sí ìdí ohun ọ̀gbìn ní ìrọ̀lẹ́, kó má kan ewé. Tí ẹnikẹ́ni bá so ilé ìgbẹ̀ mọ́ tánkì rẹ̀, kó má fi omi náà sí ìdí ẹ̀fọ́ tàbí tòmátò, torí ẹyin aràn lè là á já. Ìdí ọ̀pẹ, ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó dà á sí. Yanrìn àti èèpo ẹyin tó bá rì sí ìsàlẹ̀ á máa gba àyè lọ́wọ́ àwọn kòkòrò. Tí gáàsì bá ń dín kù ní ọdọọdún láìsí ìdí mìíràn, ẹ yọ tánkì kékeré kúrò, kó jẹ́ níta gbangba, jìnnà sí iná, ẹ fi garawa kó ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ tánkì ńlá láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdajì omi àtijọ́ sílẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ tuntun.